Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n gba lífù ọdún kan nílé-ìwé ni, àbí kí n máa fà á lọ bẹ́ẹ̀?

Àdùnní_Òròkí
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. 300 level ni mo wà, maikirobáyọ́lọ́jì ni mò ń ṣe, nínú Òṣogbo níbí náà ni ilé-ìwé wa wà, àmọ́ mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn ará kíláàsì mi máa ń yọjú síbí. Nígbà tí mo wà ní 200 level ni ọ̀kadà gbá màmá mi ní Ọláìyá, eegun itan wọn kán, a lo ọ́sípítù títí owó fi tán, a wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Ìkìrun. Ẹsẹ̀ ti ń jiná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ọ̀pá ni wọ́n ṣì fi ń rìn, wọn ò lè jókòó pẹ́, wọn ò dẹ̀ lè gbé ẹrù kankan.

Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìgbọ̀nà. Bàbá wa ti di olóògbé, èmi ni àkọ́bí, àwọn àbúrò mi méjì ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tí ẹnì kankan ò bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn a ò ní jẹun nìyẹn, ó dẹ̀ tún ku gbèsè tá a jẹ àwọn alájọ. Èmi náà ni mo wá di ìyá èlùbọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá já ẹrù wálẹ̀ láti Ṣakí mi ò lè dé ilé-ìwé rárá, màá máa jọ èlùbọ́, màá máa wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ tí mo bá ráyè lọ pàápàá, láti ọjà ni mo máa ń sáré lọ. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa ní lábù gbọn ìwé pírákítíkà mi, nǹkan funfun ń dà sílẹ̀ látinú ẹ̀, wọ́n bi mí pé kẹ́míkà wo nìyẹn, mo ní èlùbọ́ ni sà, gbogbo lábù bú sẹ́rìn-ín.

Kárí-ófà mi, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí mo fìdí rẹmi tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, ti di méje báyìí, CGPA mi, ìyẹn àròpín èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo ti ṣe, jẹ́ 1.62. Ìdánwò sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ ti 300 level yìí kù bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mi ò ṣe ju tẹ́ẹ̀sì kan lọ nínú gbogbo kọ́ọ̀sì mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ dífà, kí n gba lífù ọdún kan. Màmá mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n ní ẹni tó bá fi ilé-ìwé sílẹ̀ kì í padà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, àwọn tá a jọ wọlé á ti lọ sin ìjọba tán kí n tó jáde. Kí ni ẹ rí sí i?

Kò_sáyè_fún_ìbínú
Pẹ̀lẹ́ o jàre. Màmá ẹ á rìn láìfọ̀pá láṣẹ Ọlọ́run. Ti olùkọ́ yẹn ṣá, kẹ́míkà tó ń di àmàlà 😂😂

Ẹ̀gbọ́n_Àlékúwodò
Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi gba lífù rí, owó ló fà á nígbà tèmi, mo lọ ń ṣe POS ní Old Garage, mo padà, mo dẹ̀ ti jáde. Torí náà irọ́ ni pé ẹni tó bá kúrò kì í padà. Ṣùgbọ́n etí rẹ dà, ohun tó mú mi padà kì í ṣe ọgbọ́n orí o, LẸ́TÀ ni. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ kàn dáwọ́ ìlọ dúró kó máa sọ pé òun wà ní lífù. O máa kọ̀wé gba ọwọ́ level adviser rẹ, olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì yín, yóò gba ọ́fíìsì HOD, olórí ẹ̀ka yín, kọjá, yóò dé ọ̀dọ̀ díìnì fákọ́tì yín kó tó dé ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, Sẹ́néètì, ìgbìmọ̀ àgbà ilé-ìwé, ló sì máa ń fọwọ́ sí i níkẹyìn. Kó o tó lè pe ara rẹ lẹ́ni tó wà ní lífù, ìwé èsì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ tó sọ pé wọ́n gbà, láti sẹ́mẹ́sítà báyìí dé sẹ́mẹ́sítà báyìí. Tí ìwé yẹn ò bá tíì jáde, ọmọ ilé-ìwé tó ń sá kíláàsì ni wọ́n kà ọ́ sí.

Alágbàfọ̀_Sábó
Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tí kò gba ìwé ni àbúrò mi ọkùnrin, ó kan di ẹrù ẹ̀ ó gba Èkó lọ, ó ní òun á padà tóun bá rí owó. Ìgbà tó fi máa padà lẹ́yìn sẹ́ṣọ̀n méjì orúkọ ẹ̀ ò sí lórí pọ́tààlì mọ́, gbogbo ìdánwò tí kò ṣe ti di òdo lára èsì ẹ̀, wọ́n ní kó lọ tún JAMB kọ. Ọmọ tó ti dé 200 level o. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Bàbá_Ìbejì_lọ́nà_Gbọ̀ngán
Tèmi yàtọ̀ o, ẹ má bínú. Mi ò fara mọ́ lífù yìí rárá. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ọjà. Ọmọ yìí tó bá fi ọdún kan gbáko jókòó sí Ìgbọ̀nà, tówó ń wọlé lójoojúmọ́, táwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n lójú, táwọn àbúrò ti mọ́ra pé ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà, ta ló máa wá sọ fún un pé ó yá, máa lọ ilé-ìwé? Mo mọ ẹni mẹ́rin tí òwò gbé lọ bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn o, wọn ò sunkún, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbàwé ẹ̀rí nínú wọn. Ohun tí mo máa ní kó o ṣe ni pé kó o dín kọ́ọ̀sì rẹ kù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yúníìtì 15, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún àwọn kọ́ọ̀sì, lèèyàn gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán ní sẹ́mẹ́sítà kan, kò lè ju 24 lọ. Ṣe 15 péré, kọ́kọ́ mú àwọn kárí-ófà sínú ẹ̀, kó o wá gba ọmọbìnrin kan sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún rẹ á gùn sí i, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ ò ní kúrò nínú ọgbà.

Ẹ̀gbọ́n_Àlékúwodò
Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa òwò, èmi náà ṣe POS yẹn débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n wọ ìdánwò sà, ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì ti parí tipẹ́, kí ló fẹ́ dín kù báyìí? Tí wọn ò bá tún ṣí pọ́tààlì fún àtúnṣe, gbogbo kọ́ọ̀sì tó fi sílẹ̀ ló máa ṣe.

Àgbà_Olùkọ́_Òkèfìà
Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ mo ṣe level adviser fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ mi, mú bírò àti ìwé.

Ká ní o ti ṣe yúníìtì 80 títí di òpin 200 level, kó sì ku 80 mìíràn, mo ti ka àwọn kárí-ófà tó o máa tún ṣe mọ́ ọn. Orí márùn-ún ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀, àbí? 1.62 lọ́nà 80 jẹ́ 129.6. Ká sọ pé ó wù ọ́ kó o jáde pẹ̀lú 2.40, ibẹ̀ ni second class lower ti bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ tó o nílò fún yúníìtì 160 jẹ́ 384. Yọ 129.6 kúrò, ó ku 254.4, pín in sí 80, ó jẹ́ 3.18. Ìyẹn ni pé GP, àròpín èsì sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, tó o gbọ́dọ̀ máa ní láti ìsinsìnyí lọ á máa lọ sí bíi 3.18. Ó ṣòro, àmọ́ ọmọ tó bá ráyè kàwé lè ní i dáadáa.

Wàyí o, ká ní o wọ ìdánwò yìí bó o ṣe wà yẹn, tó o ṣe yúníìtì 20, tó o sì gba 1.00 níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ di 149.6, ohun tó kù láti wá di 234.4, yúníìtì tó kù jẹ́ 60 péré. GP tó o nílò ti fò sí bíi 3.91 nìyẹn. Sẹ́mẹ́sítà kan ṣoṣo ló ṣe é. Nítorí náà nígbà táwọn èèyàn bá ń sọ pé "sáà máa fà á lọ, Ọlọ́run á ṣe é", bi wọ́n léèrè iye tí fífà náà ń ná ọ.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í wò: ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní sẹ́mẹ́sítà ọyẹ́, ìyẹn àkọ́kọ́, wọn ò ní ṣe é ní ti òjò, ìyẹn ìkejì. Ẹni tó bá gba lífù sẹ́mẹ́sítà kan, tó ní òun á padà ní sẹ́mẹ́sítà kejì, á rí i pé kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ti sẹ́mẹ́sítà kejì lòun ò tíì ṣe, bó ṣe máa di ẹni tó jókòó lásán nìyẹn. Tó o bá máa gbà á, gba odindi sẹ́ṣọ̀n, kó o padà síbi tó o ti dúró gẹ́lẹ́. Sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ lo sì wà yìí, o bá ibi tó gún.

Ẹ̀kẹta, má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tí wọ́n ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á mọ́ tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, má sá fún ìdánwò o. Ẹni tí kò wá láìgba àyè, F ni.

Àdùnní_Òròkí
Háà. Ẹ ṣé gan-an ni sà. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣírò ẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún un ṣírò pẹ̀lú yúníìtì mi gan-an, 78 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti yín mu.

Sà, ṣé ọdún tí mo bá fi gba lífù máa wọnú iye ọdún tí wọ́n fún wa láti fi parí? Mo gbọ́ pé tó bá ti pọ̀ jù wọ́n máa ń lé èèyàn.

Àgbà_Olùkọ́_Òkèfìà
Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọdún mẹ́fà ni òpin fún kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin. Lífù tí Sẹ́néètì bá fọwọ́ sí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í kà á mọ́ ọn, àmọ́ ìwé ìlànà ti ilé-ìwé rẹ ni kó o lọ kà, ìyẹn handbook tí wọ́n fún yín ní 100 level tí ẹ fi ń ti fèrèsé. Ibẹ̀ náà ni wàá ti rí CGPA tí wọ́n fi ń fini sí probation, ìyẹn ìkìlọ̀ pé èsì ẹni ti lọ sílẹ̀ jù, torí kò dọ́gba káàkiri.

Kò_sáyè_fún_ìbínú
Tèmi ṣì wà níbi tí wọ́n ti fi ń ti fèrèsé lóòótọ́ 😂 bàbá yìí mọ̀ wá.

Túndé_Fẹ́dírà
Àdùnní, ti pé ẹgbẹ́ rẹ máa ṣáájú, gbàgbé ìyẹn. Ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ni mo lọ, ní 2022 ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gbé wa jókòó láti February wọ October, oṣù mẹ́jọ gbáko, 2020 náà ńkọ́, láti March títí di December. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá a fẹ́ lífù. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí mo lọ tí wọ́n bi mí kí ló dé tó o pẹ́. NYSC, àwọn tó ń ṣètò sísin ìjọba, ló ń wo ọjọ́ orí, ẹni tí kò bá tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó jáde á sìn, ẹni tó bá ti jù ú lọ wọ́n á fún un ní ìwé pé kò ní láti sìn. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?

Àdùnní_Òròkí
21.

Túndé_Fẹ́dírà
Ẹ wo ọmọ kékeré tó ń bẹ̀rù NYSC.

Mummy_Wúràọlá
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, ìyá ni mí, ọlọ́jà dẹ̀ ni mí. Ọmọ mi Àdùnní, Ọlọ́run á san án fún ọ. Àmọ́ kì í ṣe pé màmá rẹ ò gbọ́ àlàyé o. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn ló máa dà bíi pé àwọn ló gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Lálẹ́ táwọn àbúrò bá ti sùn, jókòó tì wọ́n, má bá wọn sọ̀rọ̀ lífù rárá lákọ̀ọ́kọ́. Fi èsì rẹ hàn wọ́n. Mo mọ̀ pé o ò tíì fi hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ọmọ bá ṣáà ń wọ aṣọ jáde láàárọ̀ ó ń lọ dáadáa ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fara mọ́ ọn pé ìwọ nìkan ni wàá máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kódà tó o bá gba lífù náà. Ṣé ẹ̀yin ẹlẹ́lùbọ́ ò ní ẹgbẹ́ ní Ìgbọ̀nà ni? Ẹ lọ bá ìyálójà yín. Ẹ wá ẹbí kan, ẹ fún un ní iye kan lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá tà, ẹ má fún un lówó oṣù torí ọjà kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọn láti ìsinsìnyí, kó tó di ọjọ́ tó o máa padà sí ilé-ìwé ó ti mọ àwọn oníbàárà. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì yẹn máa ṣẹ, mo fi Allah bẹ̀ yín.

Bàbá_Ìbejì_lọ́nà_Gbọ̀ngán
Mummy ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ jù mí lọ. Tí ètò yẹn bá wà mi ò ní ta ko lífù mọ́. Ohun tí mo kórìíra ni lífù tí kò ní ọjọ́ tó máa parí.

Ràṣídà_Ayétòrò
Ẹ̀yin èèyàn ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó ń sùn. Àdùnní, ṣé ò ń sùn? Ó ní ìgbà kan témi ń jí láago méjì òru kàwé, mò ń wo ojú ìwé kan náà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò wọlé. Tó bá ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ sí kíníìkì ilé-ìwé yín, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé dẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ náà máa ń ran lẹ́tà lọ́wọ́.

Iléṣà_Gáréèjì_boy
NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba fáwọn ọmọ ilé-ìwé, ńkọ́? Ẹ lọ gba owó ìjọba jàre.

Túndé_Fẹ́dírà
Ó dáa kó mọ̀ nípa ẹ̀ àmọ́ kì í ṣe ojútùú sí eléyìí. Owó ilé-ìwé tí NELFUND bá san, ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, ohun tó ń wọ ọwọ́ ọmọ ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù fún oúnjẹ. Ẹ̀yáwó ni o, kò ní èlé, ẹ̀yìn ọdún méjì tó o bá sin ìjọba tán ni sísan ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tó o bá ti ríṣẹ́. Nọ́ńbà matric, ti JAMB, NIN àti BVN ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó wà nílé-ìwé ló wà fún. Ọdún tó bá padà ni kó rántí ẹ̀, kó lè jẹ́ pé owó èlùbọ́ á dojú kọ oúnjẹ ilé nìkan.

Àdùnní_Òròkí
Ẹ kú àdúrótì mi o gbogbo yín. Mo ti bá màmá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣe bí Mummy Wúràọlá ṣe wí, mo fi èsì hàn wọ́n. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní "méje?" wọ́n tún ní "méje?" Wọ́n wá bi mí pé táwọn bá pe àbúrò àwọn tó wà ní Ìkìrun wá sí ṣọ́ọ̀bù ṣé màá lè ṣe ìdánwò yìí. Mo ní rárá màámi, ó ti pẹ́ jù fún èyí, àmọ́ kí àǹtí wá. Wọ́n ti gbà, àǹtí á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Mummy, ti owó orí àpò yẹn náà la máa lò.

Mo ti rí level adviser mi. Wọ́n ní mo ṣì bá a, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí ẹnu ọ̀nà tì. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n so ìwé ọ́sípítù màmá mi mọ́ ọn, rísíìtì owó ilé-ìwé tọdún yìí àti èsì mi. Wọ́n ní kí n má kọ ìtàn gígùn, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, sẹ́ṣọ̀n tí mo fẹ́ gbà àti sẹ́mẹ́sítà tí mo máa padà. Odindi sẹ́ṣọ̀n ni mo bèèrè. Mo dẹ̀ ṣì ń lọ sí kíláàsì títí ìwé á fi jáde, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ.

Ẹ̀gbọ́n_Àlékúwodò
Ọpọlọ rẹ pé. Bi wọ́n nípa owó ilé-ìwé tó o ti san o, ilé-ìwé míì máa ń gbé e sí ọdún tó o bá padà, ilé-ìwé míì kì í gbé e. Gba èsì ìyẹn sórí ìwé náà.

Àgbà_Olùkọ́_Òkèfìà
O ṣe dáadáa. Ohun méjì péré ló kù. Ṣe fótókọ́pì lẹ́tà náà kó o tó fi sílẹ̀, kí akọ̀wé ọ́fíìsì HOD lu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ, kó kọ ọjọ́ sí i, torí fáìlì máa ń sọnù láàárín ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ìkejì, lífù kì í parí fúnra ẹ̀. O máa kọ lẹ́tà mìíràn pé o ti padà, kó wọlé kí wọ́n tó ṣí pọ́tààlì fún ìforúkọsílẹ̀ sẹ́ṣọ̀n tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ rẹ ò ní jáde.

Àdùnní_Òròkí
Mo gbọ́ sà. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé e lánàá. Ti lẹ́tà ìpadàbọ̀ yẹn, ṣé ọwọ́ level adviser náà ló máa gbà?

Àgbà_Olùkọ́_Òkèfìà
Ọ̀nà kan náà. Kó o so ìwé tí Sẹ́néètì fi gbà fún ọ mọ́ ọn.